Àwọn abúlé àti ìlú àtijọ́ ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀

Àwọn abúlé àti ìlú àtijọ́ ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ni àwọn ibùdó tí ó ti wà ní òde Èkó kí ìgboro tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Lónìí, wọ́n wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Lára wọn ni Ìsọlọ̀, Orílé Òṣòdì, Èjìgbò, Òkóta, Máfolúkù, Ewú, Ṣógúnlẹ̀, Ìlasamàjà àti Ìṣàgàtẹ̀dó. Ilé ti so wọ́n pọ̀ débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò parẹ́. A ṣì ń rí wọn nínú oyè ọba àti ti baálẹ̀, nínú ilẹ̀ ìdílé, nínú orúkọ wọ́ọ̀dù ìdìbò, àti nínú orúkọ tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń ké ní ibùdókọ̀.

Ibi tí àgbègbè náà wà

Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wà lórí ilẹ̀ gbalasa, kì í ṣe ní Erékùṣù Èkó. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkẹjà wà ní àríwá rẹ̀, Mùṣín ní ìlà-oòrùn, Àlímòṣọ́ ní apá ìwọ̀-oòrùn, Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin sì wà ní apá gúúsù. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 45 níbùú lóòró. Òṣòdì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà.

Ọ̀nà ńláńlá mẹ́ta ni ó pàdé ní Òṣòdì: títì Àgége tí ó wá láti Mùṣín lọ sí Ìkẹjà, ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, àti ọ̀nà tí ó lọ sí Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed. Ojú irin náà gba ibẹ̀ kọjá. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ náà rọlẹ̀, àbàtà àti odò sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn odò wọ̀nyí ni a gbẹ́ di kánààlì Òkè-Afá, tí ó wà láàárín apá Ìsọlọ̀ àti apá Èjìgbò.

Ìtàn

Àwọn Àwórì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú àtijọ́ agbègbè yìí jẹ́ ìlú Àwórì, ọ̀kan lára ìpín àwọn ọmọ Yorùbá. Ìtàn ẹnu àwọn Àwórì sọ pé Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé àwo kan tí ó léfòó lójú odò, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí. Wọ́n ní láti inú gbólóhùn náà pé àwo ti rì ni orúkọ Àwórì ti jáde. Láti Ìṣẹrí ni àwọn ẹbí ti tàn ká, tí wọ́n ń tẹ ìlú dó sí àárín igbó àti ẹ̀bá odò. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú Àwórì kárí Ìpínlẹ̀ Èkó àti apá kan Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ń so ara wọn pọ̀ mọ́ Ilé-Ifẹ̀ títí di òní.

Òṣòdì Tápà

Orúkọ Òṣòdì kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Àwórì. Òṣòdì jẹ́ orúkọ oyè ní Èkó, ìtàn tí ó gbajúmọ̀ sì so orúkọ àdúgbò náà mọ́ ìdílé Òṣòdì Tápà, balógun Ọba Kòsọ́kọ́. Ọmọ Tápà, ìyẹn Núpé, ni Òṣòdì yìí. Ẹrú ni wọ́n mú un wá sí ààfin Ọba Oṣìnlókun, ṣùgbọ́n ó gòkè di ẹni ńlá ní ìlú.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, Òṣòdì Tápà bá ọba rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún 1862, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó, wọ́n padà wálé. Ibi tí a fún Òṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Òṣòdì Tápà kú ní ọdún 1868.

Ojú irin àti ìgbà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn

Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin Èkó. Ó gba ilẹ̀ àwọn abúlé wọ̀nyí kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní òpin ọdún 1900. Ojú irin ni ó sọ Òṣòdì di ibi tí èrò ń pàdé, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gbé ẹrù oko bọ̀ wá sí Èkó lè sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìlú tí ojú irin kò gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, bí Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, pẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìlú oko.

Títí di ọdún 1967, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni àgbègbè yìí wà, kì í ṣe abẹ́ olú ìlú ìjọba àpapọ̀. Ìbàdàn ni ìjọba tí ó ń ṣe òfin fún àwọn ará Ìsọlọ̀ fìdí kalẹ̀ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó wà nítòsí wọn. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, a so Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ Èkó. Láti inú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ márààrún ni àpèlé IBILE ti jáde. Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wà lábẹ́ ìpín Ìkẹjà.

Àwọn ìlú àti abúlé

Ìsọlọ̀

Ìsọlọ̀ jẹ́ ìlú Àwórì tí ó ní ọba tirẹ̀. Ọ̀sọlọ̀ ni orúkọ oyè ọba náà. Ààfin wà ní àárín ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn agboolé ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ní ọdún 1978, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ kí ó tó kó olú ibùdó rẹ̀ lọ sí Ìkòròdú. Ó di yunifásítì ní ọdún 2022. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà ní ìlú yìí.

Òṣòdì àti Orílé Òṣòdì

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Òṣòdì ni gáréèjì, afárá àti ọjà. Orílé Òṣòdì wà lọ́tọ̀ sí èyí. Ibùdó àtijọ́ ni a ń pè ní orílé, ibi tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí ìlú tó gbòòrò. Níbi tí a bá ti gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀, a óò mọ̀ pé ibùdó tuntun ti gba orúkọ náà lọ síbòmíràn. Bọ́ládé, tí ó wà lẹ́bàá ọjà, ni a so pọ̀ mọ́ Òṣòdì nínú orúkọ wọ́ọ̀dù.

Èjìgbò

Èjìgbò wà lódìkejì kánààlì, ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ìlú ọba ni; Ọ̀jọ̀n ni orúkọ oyè ọba rẹ̀. Kí a má ṣe sì í mú fún Èjìgbò tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ògìyán. Ibùdó ìpọnpo àti ìpamọ́ epo ìjọba àpapọ̀ wà ní Èjìgbò, nítorí náà àwọn ọkọ̀ ajagbé epo máa ń tò sí ẹ̀bá ọ̀nà ìlú náà.

Ewú àti Ewú Tuntun

Ewú jẹ́ ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ kan pápákọ̀ òfurufú. Ọba rẹ̀ ni à ń pè ní Eléwú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a kọ́kọ́ kọ́ pápákọ̀ ní Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà, ìjọba gba ilẹ̀ sí i, ilé èrò tuntun tí wọ́n fi ti Schiphol ní Amsterdam ṣe àwòkọ́ṣe sì ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1979. Apá kan ilẹ̀ Ewú wọ inú ọgbà pápákọ̀ náà. Àdúgbò tí ó ń jẹ́ Ewú Tuntun, nítòsí Máfolúkù, fi ìtàn náà hàn nínú orúkọ rẹ̀, nítorí a kì í pe ìlú ní tuntun bí kò bá sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Máfolúkù àti Ṣógúnlẹ̀

Máfolúkù wà láàárín Òṣòdì àti ọgbà pápákọ̀. Ṣógúnlẹ̀ wà ní ẹ̀bá ojú irin, ní ọ̀nà Ìkẹjà. Ilé alágbàbọ̀ pọ̀ ní àwọn àdúgbò méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀, ní Ìkẹjà tàbí ní ọjà Òṣòdì lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó wọ ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Òkóta, Àgọ́ àti Ìṣàgàtẹ̀dó

Òkóta àti àwọn àdúgbò tí ó yí ọ̀nà Ago Palace Way ká wà ní apá gúúsù, lórí ilẹ̀ tí ó rọlẹ̀. Àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀ kò pẹ́ bí ti Ìsọlọ̀ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò ń gbé níbẹ̀ àti ní Ẹ̀sítéètì Àjàó, tí wọ́n ń ṣòwò tí wọ́n sì kọ́ ilé sí i, nítorí náà Ígbò àti Yorùbá ni èdè tí a ń gbọ́ jù lọ ní àwọn òpópónà ibẹ̀. Ìṣàgàtẹ̀dó wà nítòsí wọn, ó sì ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Ìlasamàjà

Ìlasamàjà wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbilẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú wọn wà, nítorí pé ó rọrùn láti kó ẹrù lọ sí èbúté Àpápá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ náà ti kógbá sílé. Ọjà Aswani, tí a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan pè, ṣì ń ná ní ọjọ́ ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ lọ ra òkìríkà.

Òkè-Afá

Òkè-Afá wà ní etí kánààlì. Nítòsí rẹ̀ ni Ẹ̀sítéètì Jákàńdè wà, ọ̀kan lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Lateef Jákàńdè, gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983, kọ́ fún àwọn ará ìlú.

Ìbúgbàmù ọdún 2002

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi ìkó-ohun-ìjà-pamọ́-sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ń bú gbàmù títí di òru, àwọn ará Ìkẹjà, Òṣòdì, Máfolúkù àti Ìsọlọ̀ sì ń sá láìmọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ gba ọ̀nà Òkè-Afá. Ewéko orí omi ti bo ojú kánààlì náà, òkùnkùn sì ti ṣú, nítorí náà àwọn tí ó wá láti àdúgbò mìíràn rò pé ilẹ̀ ni tàbí pé omi náà kò jìn. Àwọn tí ó wà níwájú rì. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n bọ̀. Iye àwọn tí ó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà ju 1,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tí ó kú sínú omi. A kọ́ ọwọ̀n ìrántí sí Òkè-Afá, níbi tí àwọn ẹbí ti ń pàdé ní àyájọ́ ọjọ́ náà.

Ọba, baálẹ̀ àti ilẹ̀

Nínú àṣà Yorùbá, ìlú tí ó dá dúró ni ó ń ní ọba. Abúlé tí ó wà lábẹ́ ìlú mìíràn ni ó ń ní baálẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò tíì parẹ́ ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oko mọ́ láàárín ìlú àti abúlé. Ẹni tí ó jẹ́ ọba lè fi baálẹ̀ jẹ. Baálẹ̀ kò lè fi ọba jẹ. Nítorí ìdí èyí, ìbéèrè nípa ibùdó tí ó jẹ́ ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ abúlé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan. Ọ̀rọ̀ agbára àti ti ilẹ̀ ni.

Ìdílé ni ó ni ilẹ̀ ní ayé àtijọ́, olórí ìdílé sì ni ó ń pín in. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá láàárín Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa àti ìjọba. Ìdájọ́ náà gbà pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ wọn, àti pé gíga tí ìjọba amúnisìn gorí àlééfà kò gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjọba ní láti san owó gbà-má-bìínú bí ó bá gba ilẹ̀. Ní ọdún 1978, Òfin Lílo Ilẹ̀ gbé ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ìwé àṣẹ gómìnà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní C of O, ni ẹni tí ó ra ilẹ̀ ń wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìdílé onílẹ̀ ni púpọ̀ ṣì ti ń rà á.

Ìtàn ìtẹ̀dó wúlò ní kóòtù pẹ̀lú. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ní ọdún 1976, a ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ni èyí àkọ́kọ́ nínú wọn. Ìdílé tí ó bá lè sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tí ó jogún rẹ̀ ní ìran dé ìran, ti ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá já láàárín lè pàdánù ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn abúlé fi máa ń ju ẹyọ kan lọ ní àgbègbè tí owó ilẹ̀ ti gbówó lórí.

Ìjà ilẹ̀ ti fa wàhálà púpọ̀ ní Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, gómìnà ìgbà náà, Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, buwọ́ lu òfin tí ó de àwọn ajagungbalẹ̀, ìyẹn àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀ tàbí tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ ilé.

Ipò àwọn abúlé nínú ìjọba

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1894 fún àwọn abúlé láṣẹ láti ní ìgbìmọ̀ tí ará abúlé dìbò yàn, pẹ̀lú ààlà tí ó wà lákọsílẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò ṣe irú èyí. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìpele ìjọba tí ó kẹ́yìn, 774 ni iye wọn ní gbogbo orílẹ̀-èdè, 20 nínú wọn sì wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù nìkan ni ó kù, kò sì dandan kí ààlà wọ́ọ̀dù bá ààlà abúlé mu.

Ìjọba Jákàńdè ni ó kọ́kọ́ dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù mọ́kànlá ni ó ní: Òṣòdì/Bọ́ládé, Orílé Òṣòdì, Máfolúkù, Ṣógúnlẹ̀, Ṣógúnlẹ̀/Alásíà, Ìsọlọ̀, Ẹ̀sítéètì Àjàó, Ìlasamàjà, Òkóta, Ìṣàgàtẹ̀dó àti Òkè-Afá/Èjìgbò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ yìí jẹ́ orúkọ ibùdó àtijọ́. Ewú kò sí nínú wọn, Èjìgbò sì ń bá Òkè-Afá pín wọ́ọ̀dù kan.

Ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó fi agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ó ní. Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò di ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ìjọba àpapọ̀ kò fara mọ́ ọn, ó sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n pé àwọn agbègbè tuntun náà kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú òfin. Títí di òní, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ nìkan ni òfin ìpìlẹ̀ dárúkọ.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé ènìyàn 621,509 ni ó ń gbé ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní ọdún kan náà, ó sì rí 1,134,548. Méjèèjì ka gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà pọ̀ ni.

Ọjà àti ìrìnnà

Ọjà Òṣòdì dàgbà lẹ́bàá ojú irin àti gáréèjì, títí tí àwọn oníṣòwò fi gba ojú títì àti ojú irin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ìjọba Àḿbọ̀dé wó ọjà Owónifáàrí, ó sì ní kí àwọn oníṣòwò lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣọ̀fọ̀ ọjà tí wọ́n sọ pé àwọn kò rí kó jáde.

Ibùdó ọkọ̀ ńlá tí ó ní ilé mẹ́ta ni a kọ́ sí Òṣòdì. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni a ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a ń pè ní Red Line, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Òṣòdì wà lára àwọn ibùdó rẹ̀, láàárín Mùṣín àti Ìkẹjà.

Orúkọ àti àkọtọ́

Àwọn orúkọ agbègbè yìí fi oríṣi ìtẹ̀dó hàn. Ìhun kan náà ni Ìṣàgàtẹ̀dó àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní: orúkọ ìlú tí àwọn ènìyàn ti wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà tẹ̀dó. Orílé ń tọ́ka sí ibùdó àkọ́kọ́, tuntun sí èyí tí ó tẹ̀lé e, àgọ́ sí ibi tí a kọ́kọ́ fi ṣe ibùsùn ìgbà díẹ̀. Ìsọ̀pákódowó jẹ́ odindi gbólóhùn: ìsọ̀ onípákó ti di owó.

Lórí pátákó ọ̀nà àti nínú ìwé ìjọba, àkọtọ́ àtijọ́ ni a fi ń kọ wọ́n: Oshodi, Isolo, Shogunle, Ishagatedo. "Sh" ni a ń lò dípò "ṣ", a kì í sì í fi àmì sí "ẹ" àti "ọ" tàbí sórí fáwẹ̀lì. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ náà rí lẹ́nu ará ìlú kò lè mọ bí a ṣe ń pè é láti inú àkọtọ́ yìí. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀sítéètì lè ka Ishagatedo lójoojúmọ́ láìrí Ìṣàgà nínú rẹ̀.